Bí a ṣe ń ṣọ́ igbó kan láti ẹ̀ẹ̀rùn dé òjò, ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tó bá gba ẹ̀bá àwọn òkè olókùúta tó wà nítòsí ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọjá nínú ọyẹ́, á rí i pé ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀ nísàlẹ̀ igbó. Ṣùgbọ́n tó bá gbójú sókè, á rí ẹ̀ka àràbà ní ìhòòhò. Igbó kan náà ni, ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí “igbó ti gbẹ” tàbí “igbó ti rúwé” kò fi tó ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ti gidi. Igi kọ̀ọ̀kan ni à ń ṣọ́.

Ẹ kọ́kọ́ yan ibi tó kéré. Ìṣísẹ̀ 50 ní gígùn àti 50 ní ìbú ti tó. Kí ó sún mọ́ ilé, torí ibi tó bá jìn, òjò ọ̀sẹ̀ kẹta ló máa mú yín pa á tì. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọdẹ àdúgbò mọ̀ yín. Ẹ wọ bàtà òjò nítorí ejò, ẹ má sì dá nìkan lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan igi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àràbà, arère, afàrà àti ìrókò dára, nítorí wọ́n máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi akòko kún un fún òdòdó rẹ̀, àti àgbálùmọ̀ fún èso. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ mú mẹ́ta nínú irú kọ̀ọ̀kan, torí igi kan ṣoṣo lè tàn yín jẹ.

Ẹ fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára igi, ní ìwọ̀n àyà. Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn, ẹ má sì so aṣọ mọ́ ọn. Aṣọ pupa ni mo kọ́kọ́ so mọ́ igi tèmi, kí n lè tètè rí wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ìyá tó ń ṣẹ́gi ìdáná kò fi gba ọ̀nà yẹn mọ́. Bàbá ọdẹ kan ló dá mi dúró: “Ọmọ mi, kí lo pa àálè sí níbí?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ bàbá, mo sì tú gbogbo aṣọ náà lọ́jọ́ yẹn. Bàbá wá mú mi dé ìdí ìrókò méjì, wọ́n ní, “Èyí ń so, tọ̀hún kì í so láé.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni: akọ ìrókò wà, abo ìrókò wà, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Bí kì í bá ṣe bàbá, ǹ bá jókòó ti akọ ìrókò, kí n máa retí èso lọ́dọọdún.

Ó kan àwòrán. Ẹ ri èèkàn kan mọ́lẹ̀, kí ẹ máa gbé fóònù lé orí rẹ̀, kí ó máa kọjú síbì kan náà ní wákàtí kan náà. Bí ẹ bá ń yí ibi ìdúró padà, àwòrán oṣù yìí kò ní ṣeé fi wé ti oṣù tó kọjá.

Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé, torí òjò máa ń fọ yíǹkì dànù. Ní ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ẹ wòkè: tí ewé bá kún orí rẹ̀ bámúbámú, ẹ kọ 4, tó bá ku ìdajì, 2, tí kò bá sí rárá, 0. Ẹ kọ ewé tuntun, òdòdó, èso tútù àti èso pípọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí nǹkan kan kò bá yí padà, ẹ kọ “kò yí padà”. Ẹ má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, torí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ kò ní mọ̀ bóyá igi ni kò yí padà àbí ẹ̀yin ni ẹ kò lọ. Ohun tójú yín rí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ẹ ń retí. Èmi rò pé òjò ni gbogbo igi ń dúró dè kí wọ́n tó rúwé, àfi ìgbà tí mo rí ewé múlọ́múlọ́ lórí ẹ̀ka nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ táútáú.

Òjò náà ní ìwé tirẹ̀. Ẹ gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba síta gbangba, níbi tí igi kò ti ṣíji bò ó, kí ẹ máa fi rúlà wọn omi rẹ̀ láràárọ̀, kí ẹ sì dà á nù. Mìlímítà 1 nínú agolo yẹn túmọ̀ sí lítà omi 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 ní gígùn àti mítà 1 ní ìbú. Ní Ifẹ̀, òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ó máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn náà á tún le kó tó dáwọ́ dúró. Ẹ kọ ọjọ́ tí èsúnsún kọ́kọ́ jáde, ọjọ́ tí olú kọ́kọ́ hù, àti ìgbà tí lékèélékèé dé àti ìgbà tí wọ́n lọ.

Ọdún kan kò tó. Tí ọdún kejì bá pé, ẹ to ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé arère 4, tó wà lórí àpáta, wọ́wé tán lọ́dún méjèèjì kí arère 6, tí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí i, tó bẹ̀rẹ̀. Erùpẹ̀ orí àpáta kò jìn, omi kì í pẹ́ níbẹ̀. Mo ti wá fi arère méjì mìíràn kún ìwé mi, ọ̀kan lórí àpáta, ọ̀kan létí odò.