Bí ẹgbẹ́ àdúgbò ṣe lè bèèrè owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ ọnà àti igbó ní Ọ̀yọ́

Àwọn tó ń fúnni ní irú owó ìrànwọ́ yìí kì í sábà gbé e lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó ní ìwé ni wọ́n ń wá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, ìbáà jẹ́ Àtìbà tàbí Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ bá sọ ní ìpàdé sílẹ̀. Bí owó náà bá máa ti òkè òkun wá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún bèèrè ìwé CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òfin ọdún 2020 lórí ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ (CAMA) ní kí ẹ kéde orúkọ ẹgbẹ́ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní àtakò sì sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń gbógun ti fífọ owó àìmọ́, ló tẹ̀ lé e, nítorí báńkì máa ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ìkéde owó bá jáde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń fín igbá tí wọ́n sì ń gbẹ́ ìlù, iṣẹ́ tí ọnà àti igbó ti pàdé ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti mú. Igi ọmọ̀ àti apá wà lára igi tí àwọn agbẹ́lù ń lò, bẹ́ẹ̀ ni igi tí a gé lónìí kì í padà hù lọ́la. Ẹgbẹ́ tó bá ń kọ́ ọ̀dọ́ ní ìlù gbígbẹ́ lè máa gbin igi náà pẹ̀lú.

Ẹ wá ka ohun tí olówó ìrànwọ́ ń fẹ́. Ètò owó ìrànwọ́ kékeré ti GEF, àpò owó àgbáyé fún àyíká, ni UNDP, ẹ̀ka ìdàgbàsókè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ń bójú tó láti ọdún 1992; fún ọ̀pọ̀ ọdún tó kọjá, kì í sábà fún ẹgbẹ́ kan ní ju 50,000 dọ́là lọ. Ọ̀rọ̀ àyíká ló ń náwó lé lórí, nítorí náà, níwájú rẹ̀, igi gbígbìn ni kí ó ṣáájú, kí ìlù gbígbẹ́ tẹ̀ lé e.

Ètò ìnáwó ni ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè ti ń kú. Ẹ lọ sọ́jà, kí ẹ béèrè iye tí ọ̀rá ìgbinrúgbìn, ajílẹ̀ àti àgbá omi jẹ́, kí ẹ sì kọ owó ọkọ̀ àti owó àgbà agbẹ́lù tó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má kọ “ìnáwó oríṣiríṣi”. Ilẹ̀ tí baálẹ̀ yọ̀ǹda àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe jẹ́ ọrẹ tiyín. Ẹ fi iye owó sí wọn, nítorí ọ̀pọ̀ olówó ń wò ó. Èyí tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni ọ̀gbẹlẹ̀: bí igi bá wọlẹ̀ lóṣù kẹfà, ta ni yóò máa bomi rin ín láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta? Ẹ kọ orúkọ ẹni náà àti owó omi síbẹ̀. Bí owó bá sì pẹ́ dé tí òjò fẹ́ẹ́ tán, ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún gbígbìn di ìgbà òjò tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi ìlù gbígbẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Bí owó bá wọlé, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí gbígbà á ní báńkì, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì, nítorí apá kejì owó kì í sábà jáde kí ìròyìn apá kìíní tó dé. Nínú ìròyìn náà, iye igi tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú iye tí ẹ gbìn.