Nínawọ́ Yàtọ̀ sí Títọ́ka: Bí Mo Ṣe Ń Béèrè Ọ̀rọ̀ Ọmọ Lọ́wọ́ Ìyá Rẹ̀

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé n'Ìbàdàn, ìbéèrè kan wà tí ìyá ọmọ kankan kò dáhùn "rárá" sí: "Ṣé ọmọ yín máa ń nawọ́ sí nǹkan?" Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn. Ọ̀gá mi wo fọ́ọ̀mù náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ wo ni kì í nawọ́ sí àkàrà?"

Iṣẹ́ wa ni ká tètè rí ọmọ tó ṣeé ṣe kó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, tó máa ń hàn nínú bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá èèyàn ṣe. Ìwé ìbéèrè tí à ń lò ni M-CHAT-R/F, tí Diana Robins, Deborah Fein àti Marianne Barton ṣe lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè 20 ló wà nínú rẹ̀, fún ọmọ oṣù 16 sí 30. Ẹ má yọ ọ̀kankan kúrò nínú rẹ̀, bó ti wù kó rí létí yín.

Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ìyá kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè ní òun ò ṣe mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gba káàdì àjẹsára wò, kí ẹ lè mọ iye oṣù ọmọ gan-an. "Ó ti lé lọ́dún kan" kò tó fún wa. Ẹ béèrè bóyá oṣù ọmọ pé kí wọ́n tó bí i, àti bóyá ibà pọ́njú ṣe é lẹ́yìn ìbí. Ibà yẹn lè ba etí jẹ́ tó bá le, ọmọ tí kò gbọ́ràn kò sì ní yíjú tí ẹ bá pè é.

Ká padà sórí ọ̀rọ̀ àkàrà. Nínawọ́ ni kí ọmọ na gbogbo ọwọ́ láti gba nǹkan. Títọ́ka ni kó na ìka kan ṣoṣo sí i. Títọ́ka pàápàá pín sí méjì: ìbéèrè 6 ń wá ọmọ tó ń tọ́ka sí ohun tó fẹ́ gbà, ìbéèrè 7 ń wá ọmọ tó ń tọ́ka kí ẹlòmíì lè bá a wò ó. Bàálù àti ọkọ̀ ńlá ni àpẹẹrẹ tí ìwé náà mú wá. Ìyá kan ní Bẹẹrẹ ló fún mi ní tèmi: "Tí lékeléke bá ń kọjá, á tọ́ka sí i, á wá yíjú wò mí bóyá mo rí i." Ṣé ẹ rí "á yíjú wò mí" yẹn? Òun gan-an là ń wá.

Nítorí náà, tí ìyá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kó sọ ohun tí ọmọ ṣe lánàá. Ẹni tó bá rí i ṣe, á rí i rò.

Ìbéèrè 10 ni bóyá ọmọ ń dáhùn sí orúkọ rẹ̀. Orúkọ wo? Mo pe ọmọ kan ní orúkọ tó wà lórí káàdì lẹ́ẹ̀mẹta, kò wojú mi. Ìyá àgbà láti igun ilé ní, "Àjàní!" Ọmọ yíjú wìì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi máàkì burúkú sí orí ọmọ tí etí rẹ̀ dá ṣáká.

Ti wíwo ojú náà gba sùúrù, torí wọ́n ti kọ́ wa pé ọmọ gidi kì í wo àgbà lójú. Ẹ ṣàlàyé pé ìgbà tí ìyá bá ń wọṣọ fún ọmọ tàbí tó ń bá a ṣeré ni ẹ ń sọ.

Níbi ìṣirò, ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè 2, 5 àti 12: "bẹ́ẹ̀ ni" ló ń kọni lóminú níbẹ̀, "rárá" ni ní gbogbo ìyókù. Ẹ ka iye ìdáhùn tó ń kọni lóminú. 0 sí 2, kò sí wàhálà lọ́wọ́lọ́wọ́, àmọ́ tí ọmọ kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ padà wá lẹ́yìn tó bá pé e. 3 sí 7, ẹ ṣe ìbéèrè ìpele kejì, tó ń tún tú àwọn ìdáhùn tó kọni lóminú wò. Tó bá dé 8, ẹ darí wọn sọ́dọ̀ dókítà láìdúró.

Ẹ má pè é ní àrùn lójú ìyá ọmọ. Ìwé yìí ò lè sọ pé ọmọ ní ọ́tísíìmù. Ó kàn ń sọ pé kí onímọ̀ wò ó ni. N'Ìbàdàn, mo máa ń darí wọn sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, níbi tí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ọmọdé wà. Ìyá àgbà á ní, "Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." Mi ò kí ń bá wọn jiyàn. Màá ní, "Ẹ ṣeun mà, ẹ bá mi sọ ìyẹn fún dókítà náà." Màá wá gba nọ́ńbà fóònù ìyá àgbà mọ́ ti ìyá ọmọ, torí lọ́pọ̀ ìgbà, òun ló máa gbé ọmọ lọ.