Bí A Ṣe Ń Jí Àpótí Ìdarí Róbọ́ọ̀tì Ilé-Iṣẹ́ Tó Ti Pẹ́ Dìde

Ọ̀pọ̀ àpótí ìdarí róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1980 sí ọdún 2000 ni wọ́n ti kà kún òkú nígbà tí wọn kò tíì kú. Bí irú àpótí bẹ́ẹ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, kì í sábà jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ gan-an ni ó bàjẹ́. Bátìrì ni ó ti tán, kapásítọ̀ (ẹ̀yà tí ó ń pa iná mọ́) ni ó ti gbẹ, ẹsẹ̀ káàdì ni ó ti dípẹtà, tàbí ọ̀nà iná ààbò ni ó já síbì kan. Ohun tí ó ń pa á pátápátá ni ìkánjú ẹni tí ó fẹ́ tan iná sí i kí ó tó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. A lè rí káàdì àlòkù rà dípò èyí tí ó jó, ṣùgbọ́n ìsọfúnni tí ó wà nínú ìrántí àpótí kan kò sí lọ́jà níbikíbi. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìrántí ni kí a kọ́kọ́ dáàbò bò, kí a tó tún ohunkóhun ṣe, kí a sì tún un ṣe kí a tó jẹ́ kí apá rẹ̀ rìn.

Ààbò ara wa ni ó ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ẹ pa iná láti orí súìṣì ńlá, ẹ fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò ẹni tí yóò fi ọwọ́ kan inú àpótí náà. Pé a pa iná kò túmọ̀ sí pé iná ti tán nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn kapásítọ̀ ńlá tí ó ń pèsè iná DC fún àwọn mọ́tò máa ń pa iná mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àpótí tí ó ń lo iná fésì mẹ́ta tí ó jẹ́ 200 fóltì yóò ní nǹkan bí 283 fóltì DC lórí wọn, èyí tí ó ń lo 400 fóltì yóò sì ní nǹkan bí 566. Ẹ dúró fún àkókò tí ìwé olùṣe sọ, kí ẹ sì fi mítà wọ̀n ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé iná pupa kékeré tí ó ti kú, torí iná pupa náà fúnra rẹ̀ lè ti bàjẹ́. Ẹ rántí apá róbọ́ọ̀tì náà pẹ̀lú: bíréèkì nìkan ni ó gbé e dúró nígbà tí iná kò sí, bí bíréèkì bá sì tú lójijì, apá náà yóò já lulẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ẹ fi igi tàbí irin gbè é lẹ́sẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya àwòrán. Ẹ ya àwòrán gbogbo káàdì ní ipò tí ó wà, gbogbo súìṣì kéékèèké orí wọn, gbogbo wáyà àti ihò tí ó wọ̀, kí ẹ sì lẹ orúkọ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fà á yọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àpótí àti ara apá róbọ́ọ̀tì fún ìwé tàbí àlẹ̀mọ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Lára irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ìwọ̀n oríkèé wà, ìyẹn nọ́ńbà tí ó ń sọ ibi tí òdo, ìbẹ̀rẹ̀ kíkà, oríkèé kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tí ó bá sì fà á ya nítorí pé ó dọ̀tí yóò kábàámọ̀. Ẹ wò bóyá eku ti gé wáyà jẹ, bóyá eruku ti di fáànù, bóyá omi ti wọ ìsàlẹ̀.

Ìrántí

Ìrántí irú àpótí yìí kì í wà lójú kan. Ètò ìpìlẹ̀ máa ń wà nínú EPROM, ìyẹn chip tí ó ní fèrèsé gíláàsì lókè, tí wọ́n fi bébà bò kí ìmọ́lẹ̀ má baà pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ẹ má ṣe ṣí bébà náà. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí ó ń ka EPROM, ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi èkíní wé èkejì, kí ẹ sì tọ́jú fáìlì wọn sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìkà méjèèjì kò bá dọ́gba, a jẹ́ pé chip náà ti ń gbàgbé, ó sì yẹ kí ẹ kọ òmíràn kí ó tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ètò iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kọ́ róbọ́ọ̀tì, àti àwọn nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀, sábà máa ń wà nínú SRAM, ìyẹn chip ìrántí tí ó ń gbàgbé ohun inú rẹ̀ bí iná bá kúrò, tí bátìrì kékeré kan ń gbé dúró. Ẹ fi mítà wọn bátìrì yìí ní ibi tí ó wà láìyọ ọ́. Bí bátìrì lithium tí ó yẹ kí ó jẹ́ 3 fóltì bá ṣì ń fi nǹkan bí 3 hàn, ìrántí náà lè wà síbẹ̀, nítorí náà ẹ kò gbọdọ̀ yọ bátìrì, ẹ kò sì gbọdọ̀ yọ káàdì náà, títí ẹ óò fi rí ọ̀nà ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Nínú àwọn àpótí kan, bátìrì kì í sí lórí káàdì ìrántí rárá. Yíyọ káàdì fún ìnumọ́ lásán ti tó láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bí bátìrì bá ti kú pátápátá, kò sí ohun tí ẹ ń dáàbò bò mọ́ níbẹ̀, ẹ lè yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ bátìrì nickel-cadmium tí ó ti jò sórí káàdì, ẹ gé e kúrò, ẹ fi fínígà díẹ̀ nu ibi tí ó jò sí, ẹ fi omi dísítíìlì ṣan án, ẹ sì fi isopropyl (ọtí ìnu-nǹkan tí ó tètè ń gbẹ) gbẹ ẹ́ kí ẹ tó wò ó bóyá ó ti jẹ ojú ọ̀nà iná.

Ibi kẹta ni dísíìkì. Àpótí KUKA KRC1, tí ó jáde ní ọdún 1996, ń lo kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Windows 95 àti VxWorks (ètò tí ó ń darí róbọ́ọ̀tì lójú ẹsẹ̀), hard disk IDE ni ó sì gbára lé. Ẹ yọ dísíìkì bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó tan àpótí, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì lo ètò bíi ddrescue láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ látòkè délẹ̀ láìkọ ohunkóhun sórí rẹ̀. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́. Ojúlówó ni kí ẹ tọ́jú. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún dísíìkì floppy tí ó bá wà nínú àpótí, nítorí pé ìkà àkọ́kọ́ lè jẹ́ ìkà ìkẹyìn fún un.

Iná àkọ́kọ́

Kapásítọ̀ tí ó ní omi nínú máa ń gbẹ bí ọjọ́ ti ń lọ, ìyókù a sì jò sára káàdì tàbí kí orí rẹ̀ wú. Nínú ẹ̀rọ tí ó ń pèsè iná 5 fóltì àti 24 fóltì, mo fara mọ́ kí a pààrọ̀ àwọn kéékèèké láìdúró dè wọ́n, nítorí owó wọn kéré, ìbàjẹ́ tí wọ́n lè fà sì pọ̀. Àwọn ńlá tí mọ́tò ń lò yàtọ̀: bí wọ́n bá ti wà láìlo fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa ń gbé iná wọn sókè díẹ̀díẹ̀ nípasẹ̀ resistor (ẹ̀yà tí ó ń dín ìṣàn iná kù) títí awọ inú wọn yóò fi padà bọ̀ sípò, iṣẹ́ yìí sì yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ iná dáadáa.

Ẹ wo tiransifọ́má kí ẹ rí i pé ibi tí a so wáyà sí bá iná ilé-iṣẹ́ yín mu, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ojú ìsopọ̀ láti 200 títí dé 480 fóltì. Ẹ yọ wáyà àwọn mọ́tò kúrò lára káàdì tí ó ń wà wọ́n, kí iná àkọ́kọ́ má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ wá tan àpótí, kí ẹ sì wọn iná ní ẹsẹ̀ káàdì fúnra rẹ̀: 5 fóltì gbọ́dọ̀ wà láàárín 4.75 sí 5.25, 24 fóltì àti 15 fóltì méjèèjì gbọ́dọ̀ dúró láìmì. Bí fíúùsì bá jó, ẹ wá ìdí tí ó fi jó. Fíúùsì tí ó tóbi ju èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò tún ohunkóhun ṣe, káàdì ni yóò jó dípò rẹ̀.

Bí iná bá pé tí ojú àwòrán sì dákẹ́, ẹ pa á, ẹ wọ okùn tí ó ń lé iná ara dànù sí ọwọ́, ẹ yọ káàdì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí káàdì ìrántí tí bátìrì rẹ̀ ṣì wà láàyè tí ẹ kò tíì ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ fi isopropyl nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ sì tì í padà dáadáa. Ìwọ̀nyí kò dà bí iṣẹ́ ńlá, síbẹ̀ wọ́n ti jí àpótí púpọ̀. Nígbà tí ó bá sì dìde pẹ̀lú ìrántí rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò ṣe ni ẹ̀dà, bóyá sórí floppy tàbí nípasẹ̀ RS-232, ìyẹn ìsopọ̀ tí ó ń gbé ìsọfúnni láti àpótí lọ sí kọ̀ǹpútà. Lórí RS-232, ìyára àti ètò ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé wáyà ẹsẹ̀ kejì àti ẹsẹ̀ kẹta gbọ́dọ̀ kọjá ara wọn.

Ọ̀nà iná ààbò

Àpótí tí a tú kúrò nílé-iṣẹ́ máa ń kọ̀ láti fún mọ́tò níná, àwọn ènìyàn a sì rò pé ó bàjẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ṣe é fún gan-an ni ó ń ṣe. Bọ́tìnnì ìdádúró pàjáwìrì, súìṣì ilẹ̀kùn ọgbà, àti súìṣì tí a ń tẹ̀ lẹ́yìn teach pendant (pátákó ọwọ́ tí a fi ń kọ́ róbọ́ọ̀tì) wà lórí ọ̀nà iná kan náà, tí ó sábà máa ń jẹ́ méjì tí ó ń ṣọ́ ara wọn; bí ọ̀kan bá tú tí èkejì kò tú, àpótí yóò ka èyí sí àṣìṣe. Ẹ fi àwòrán wáyà tẹ̀ lé e láti ibì kan dé ibòmíràn pẹ̀lú mítà. Ẹ so bọ́tìnnì àti súìṣì gidi mọ́ ibi tí ọgbà àtijọ́ wà. Kí ẹ má ṣe fi wáyà kúkúrú fo gbogbo rẹ̀ kọjá kí róbọ́ọ̀tì ṣáà lè rìn, nítorí pé róbọ́ọ̀tì tí a kò tíì mọ ìwà rẹ̀ ni ó nílò bọ́tìnnì yẹn jù.

Oríkèé

Kí ẹ tó so mọ́tò padà, ẹ fi megger 500 fóltì, ìyẹn mítà tí ó ń fi iná gíga dán wáyà wò, wò bóyá wáyà inú wọn kò kan irin ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ gbé megger dé wáyà encoder láéláé. Encoder, tí ó ń ka yíyí mọ́tò kọ̀ọ̀kan, ní bátìrì tirẹ̀, tí ó yàtọ̀ sí ti ìrántí tí mo sọ lókè, a sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ róbọ́ọ̀tì Fanuc, bátìrì 1.5 fóltì mẹ́rin ni ó wà lára apá, a sì ń pààrọ̀ wọn nígbà tí iná àpótí ṣì ń tàn, pẹ̀lú bọ́tìnnì pàjáwìrì ní títẹ̀, kí ipò oríkèé má baà sọnù. Bí wọ́n bá ti tán, àmì àṣìṣe SRVO-062, tí ó ń sọ pé bátìrì encoder ti kú, yóò hàn. A óò pààrọ̀ bátìrì, a óò nu àmì náà rẹ́, a óò pa iná, a óò sì tún un tan. Bí SRVO-075, tí ó ń sọ pé àpótí kò tíì mọ ipò oríkèé, bá wá hàn, a óò yí oríkèé náà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni a óò dá òdo rẹ̀ padà. Ti àpótí ABB S4 rọrùn díẹ̀, nítorí pé iye yíyí odidi nìkan ni ó ń sọnù: ẹ gbé oríkèé kọ̀ọ̀kan dé ibi àmì rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àpótí pé ibẹ̀ ni òdo wà.

Ẹ wá gbé oríkèé kọ̀ọ̀kan díẹ̀ ní ipò ìkọ́ni, níbi tí ìyára kò gbọdọ̀ ju 250 mílímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ẹ tẹ́tí sí ìró gíà, ẹ wò bóyá bíréèkì mú ṣinṣin nígbà tí ẹ bá fi súìṣì sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ibi tí ẹ tì í sí ni ó ń lọ, nítorí pé mọ́tò tí wọ́n so wáyà rẹ̀ ní òdì lè sá lọ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ètò àtijọ́ ni kí ẹ wá ṣe ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láìgbé irin-iṣẹ́ kankan lé ọwọ́ róbọ́ọ̀tì. Nígbà tí gbogbo oríkèé bá ti dé ibi tí ó yẹ, ẹ ṣe ẹ̀dà tuntun tí nọ́ńbà òdo tuntun wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ bátìrì méjèèjì sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àpótí, pẹ̀lú ibi tí ẹ tọ́jú ẹ̀dà náà sí.