Bí A Ṣe Ń Tún Ògiri Ilé Alámọ̀ Ṣe ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ tó kù ní Ìlódè, Ìrẹ̀mọ àti Ìlàrè ti wà kí Yunifásítì Ifẹ̀ tó kó kúrò ní Ìbàdàn wá sílé ní 1967. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ wọn ló ń tètè ba wọn jẹ́. Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì gbẹ ẹ́. Bí sìmẹ́ǹtì bá bò ó, omi ò ríbi jáde: amọ̀ á rọ̀ lábẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí sìmẹ́ǹtì bá sì já bọ́, tòun tamọ̀ ni.

Oṣù kọkànlá ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, tí òjò ti lọ tí ọyẹ́ ò tíì dé. Ọyẹ́ a máa gbẹ amọ̀ ní àgbẹjù, á sì sán.

Ẹ kọ́kọ́ dí páànù tó ń jò, kẹ́ ẹ wá la ojú omi kí àgbàrá má baà dúró nídìí ògiri. Ẹ rọra gbẹ́lẹ̀ o! Bí ọkọ́ bá kan àpáàdì tí wọ́n tò lóòró, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ ránṣẹ́ sí mùsíọ́mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ní Ẹnuwá. Ilẹ̀ tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ tẹ́ nìyẹn, ẹni tó bá hú u kò lè tò ó padà. Ibi tí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ ní 1938 náà ni wọ́n ti kan àwọn orí idẹ.

Òkè ni kẹ́ ẹ ti máa ṣí sìmẹ́ǹtì wá sísàlẹ̀. Èyí tó bá lẹ̀ típẹ́típẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fipá ṣí i, ògiri á bá a wá.

Amọ̀ tó ti ara ògiri náà já bọ́ ló dáa jù, torí bákan náà ni yóò ṣe máa wú, tí yóò sì máa gbẹ. Bí kò bá tó, ẹ po ilẹ̀ pupa garawa 3 mọ́ iyanrìn garawa 1, ẹ gé koríko gbígbẹ sí i, ẹ rin ín fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ gún un. Ẹ fi díẹ̀ lẹ ògiri wò. Bó bá sán nígbà tó gbẹ, iyanrìn ò tó. Bó bá ń hó bí ẹ ti ń fọwọ́ ra á, iyanrìn pọ̀ jù.

Ẹ wọ́n omi sí ògiri, kó tutù láìro. Ẹ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má nípọn ju ìka kan lọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó le kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Èyí tó nípọn lẹ́ẹ̀kan ló máa ń sán. Ẹ po bọ́tọ, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, mọ́ ìrẹ́ ìkẹyìn, òjò ò ní tètè hó o.

Ẹ fẹ ẹnu ibi tó sán kí amọ̀ lè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti òkè sán dé ìpìlẹ̀, ẹ má rẹ́ ẹ. Ìpìlẹ̀ ló ń rì, ẹ pe bíríkìlà tó mọ ilé alámọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò ná.