Oúnjẹ ọmọdé lọ́jọ́ ìgbafẹ́ ní Ìkọ̀gòsì: àṣìṣe tí àwọn òbí máa ń ṣe

Bí ọkọ̀ bá ń wọ Ìkọ̀gòsì láti ọ̀nà Èrìjiyàn lọ́jọ́ ọlidé, ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé kọ́ ni ọmọ ọdún mẹ́ta ń rò. Ebi ló ń pa á. Ó jẹ búrẹ́dì díẹ̀ ní Adó láago méje, ó sùn lọ́nà, ó jí ní Àrámọ̀kọ, aago mọ́kànlá sì ti fẹ́ẹ̀ lù báyìí. Bàbá ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo omi ná, oúnjẹ kò ní sá lọ. Láago kan, ọmọ náà á ti fi ara gbolẹ̀ níwájú gbogbo ayé, wọ́n á sì ní ó ya pòkíì.

Kò ya pòkíì. Ọmọ kékeré kò lè dá ebi dúró bí àgbà. Ikùn rẹ̀ kéré, nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta ni oúnjẹ á fi gbé e, omi wíwẹ̀ sì tún máa ń mú ebi yá. Ohun tó ń ba ọjọ́ ìgbafẹ́ jẹ́ kì í sábà jẹ́ irú oúnjẹ tó wà níbẹ̀. Aago tí wọ́n béèrè fún un ló máa ń bà á jẹ́.

Wíwọ omi kẹ́ ẹ tó bá olóúnjẹ sọ̀rọ̀

Iyán Èkìtì kò sí lórí àtẹ bíi mínírà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á bẹ iṣu, á gé e, á sè é, á sì gún un nígbà tí oníbàárà bá ti dé. Iṣu nìkan lè lo ìṣẹ́jú 20 sí 30 lórí iná. Ẹ fi gígún kún un, ẹ tún fi àwọn tó ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé kún un, wákàtí kan ti lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ Iléyá, lọ́jọ́ Àjíǹde tàbí lọ́jọ́ kejì Kérésì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọbẹ̀ tẹ́ ẹ sì fẹ́ lè tán kó tó kàn yín.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹnì kan nínú yín kọjá sọ́dọ̀ olóúnjẹ kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ bàtà. Ìbéèrè mẹ́ta ni: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kí ló ti jinná báyìí? Kí lẹ ṣì fẹ́ sè? Aago mélòó ló máa délẹ̀?” Bó bá ní aago kan, ẹ san díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó rẹ̀, kẹ́ ẹ jáde nínú omi láago méjìlá àbọ̀. Ẹ nu ara ọmọ, ẹ wọ aṣọ gbígbẹ fún un, torí ọmọ tó ń gbọ̀n kì í jẹun. Kó tó wọ omi, ẹ fún un ní ìpápánu díẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, tàbí ìdajì ẹyin sísè pẹ̀lú búrẹ́dì. Kó má yó o. Kó kàn má wọ omi pẹ̀lú ikùn òfìfo ni.

Ẹ mú owó náírà dání o. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ̀ tí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kò tètè wọlé, ọmọ tí ebi ń pa kò mọ nǹkan kan nípa alẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ má fi ata sí i”

Gbogbo òbí ló máa ń sọ ọ́, gbogbo olóúnjẹ ló sì máa ń dáhùn pé “ó ti yé mi.” Àmọ́ láàárọ̀ ni wọ́n ti se ọbẹ̀ náà, ìkòkò kan náà ni ti onílé àti àlejò. Ata rodo ti wọ inú epo, ó ti wọ inú ẹran. Ohun tí wọ́n lè ṣe kò ju pé kí wọ́n bu ọbẹ̀ kékeré. Fífi omi ṣan ẹran náà kò sì tó, torí inú epo ni ata fara pamọ́ sí, omi kì í sì í ṣí epo kúrò.

Ohun tí ọbẹ̀ kò tíì kàn ni kẹ́ ẹ béèrè: ìrẹsì funfun, iṣu sísè, dòdò, ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín láìfi ata sí i. Ẹ wá gbé ọbẹ̀ ọmọ láti ilé. Tòmátì, tàtàsé àti àlùbọ́sà ni kẹ́ ẹ lọ̀, kẹ́ ẹ yọ ata rodo kúrò pátápátá. Tàtàsé á pọ́n ọbẹ̀ náà, kò sì ní ta ọmọ lẹ́nu. Ẹ da omi híhó sínú fláàsìkì oúnjẹ, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ da omi náà nù, ẹ wá rọ ọbẹ̀ tó ń hó lọ́wọ́ sínú rẹ̀ kó kún. Fláàsìkì tí kò kún kì í pẹ́ tutù. Bẹ́ ẹ bá ṣí i ní Ìkọ̀gòsì tí èéfín kò jáde, tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má fún ọmọ jẹ.

Ọ̀rọ̀ iyán fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò gbé ọmọ wá sí Èkìtì tí kò ní jẹ́ kó tọ́ iyán wò? Ọmọ tó ti ń jẹ oúnjẹ ilé lè jẹ ẹ́, àmọ́ ohun méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé iyán máa ń fi ooru pamọ́ sínú. Ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti tutù, kí àárín rẹ̀ ṣì máa jó. Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, ká má tíì sọ ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ya á sí méjì, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, ẹ fi àárín rẹ̀ kan ẹ̀yìn ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fún ọmọ. Ìkejì ni pé iyán máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Kí òkèlè rẹ̀ má ju èékánná àtàǹpàkò yín lọ, kó wọ inú ọbẹ̀ tó ń yọ̀, bí ilá tàbí ewédú, kí ọmọ sì gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì kí òmíràn tó tẹ̀ lé e.

Jọ̀lọ́ọ̀fù aago márùn-ún ìdájí

Èyí léwu gan-an, àwọn ìyá tó mọ́ tónítóní jù ló sì sábà máa ń ṣe é. Wọ́n á se ìrẹsì ní ìdájí, wọ́n á ṣí i sílẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù “kó má baà kan,” wọ́n á wá kó o sínú kúlà. Ó di aago méjì ọ̀sán kí wọ́n tó ṣí i. Kúlà kì í mú oúnjẹ gbóná fúnra rẹ̀, bí ẹ bá ṣe bá a lò náà ló ṣe máa bá yín lò. Bó bá gbóná gan-an nígbà tẹ́ ẹ kó o sínú rẹ̀, á pa gbígbóná náà mọ́. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìlọ́wọ́ọ́rọ́ ló máa tọ́jú fún wákàtí mẹ́jọ, ohun tí kòkòrò sì ń wá gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ti ìrẹsì tún yàtọ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí a kò tíì sè tí irúgbìn líle rẹ̀ kì í kú bí a bá sè é. Bí ìrẹsì náà bá jókòó sínú ìlọ́wọ́ọ́rọ́, irúgbìn náà á hù, kòkòrò á sì tu májèlé sínú rẹ̀. Iná kì í ba májèlé yìí jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí olóúnjẹ bá yín gbé e kaná, gbígbóná lásán ló máa gbóná. Èébì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, nínú ọkọ̀, lọ́nà ilé.

Ìwọ̀n tí ẹ lè dì mú nìyí: oúnjẹ sísè tí kò gbóná dáadáa tí kò sì sí nínú yìnyín kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí méjì. Bí ooru ọjọ́ bá ju 32°C lọ, wákàtí kan ni. Inú ọkọ̀ tí a pa gíláàsì rẹ̀ dé nínú oòrùn burú ju ìta lọ. Mọ́ínmọ́ín inú ewé kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú òfin yìí.

Ohun tó bá ọ̀nà jíjìn mu ni ohun tí Ọlọ́run ti di lẹ́rù fúnra rẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn. Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń dín àkàrà lọ́nà, èyí tó ń jáde nínú epo lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ rà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí ìbẹ́pẹ tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ra odindi, ẹ fi ọ̀bẹ tiyín gé e.

Ẹ̀pà, gúgúrú àti sísáré kiri

Ẹ̀pà àti gúgúrú kì í ṣe oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Eyín rẹ̀ kò tíì lè lọ̀ wọ́n, wọ́n sì gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pẹ́ú. Ẹran súyà, ìgbín àti pọ̀nmọ́ tí kò rọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ yìí, kóró àgbálùmọ̀ náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ẹ tú ẹja pẹ̀lú ọwọ́, kì í ṣe ṣíbí, torí ọwọ́ ló ń mọ egungun. Kí ọmọ jókòó jẹun. Èyí tó ń jẹ tó ń sáré lọ sí etí omi, tàbí tó ń jẹ nínú ọkọ̀ tó ń gba kòtò, ló sábà máa ń há.

Bí nǹkan bá há a tó ṣì lè wúkọ́, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́. Bí kò bá lè wúkọ́ tàbí sunkún mọ́, ẹ dojú rẹ̀ dé kí orí rẹ̀ relẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú láàárín ejìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ yí i padà kí ojú rẹ̀ wà lókè, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí tó ti ju ọdún kan lọ, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ yín sáàárín ìdodo àti ìsàlẹ̀ àyà, ẹ fà á wọlé sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì, kí ẹnì kan sì máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti wá ohun tí ẹ kò rí.

Omi gbígbóná tí kò gbóná tó

Àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́ “omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì,” tí wọ́n sì rò pé àwọn lè fi po mílíìkì ọmọ. Ó tì o. Omi tí ènìyàn ń wẹ̀ nínú rẹ̀ kò gbóná tó láti pa kòkòrò, ẹsẹ̀ mélòó ló sì ti wọ̀ ọ́? Ẹ kọ́ ọmọ kó má gbé e mì nígbà tó bá ń ṣeré.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ti tó o, kódà nínú oòrùn. Ẹ kàn máa fún un lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá jẹ́ mílíìkì agolo ló ń mu, ẹ gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ike gbígbẹ tẹ́ ẹ ti wọ̀n, kẹ́ ẹ sì gbé omi híhó nínú fláàsìkì. Omi tẹ́ ẹ fẹ́ fi pò ó kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 70°C. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ìgò náà bọ inú omi tútù títí yóò fi bá ara ọmọ mu. Èyí tẹ́ ẹ bá ti pò kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ, àjẹkù ẹnu ọmọ sì ni kẹ́ ẹ dànù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ mú ọṣẹ kékeré dání. Ọwọ́ tó ti fa epo àti iyẹ̀pẹ̀, sanitáísà kò ràn án.

Ibi tí ẹ jókòó sí

Kì í ṣe ilé oúnjẹ gbogbo ló ní àga ọmọdé. Ẹ gbé ọmọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹ̀yin wà láàárín òun àti ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbé abọ́ gbà. Ẹ ti ọbẹ̀ gbígbóná sí àárín tábìlì, ẹ má jẹ́ kí aṣọ tábìlì rọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá jó o, omi tútù tó ń ṣàn ni fún 20 ìṣẹ́jú. Epo pupa kọ́, ẹyin kọ́, ọṣẹ ìfọyín kọ́.

Ẹ má ra odindi abọ́ fún ọmọ ọdún méjì. Abọ́ òfìfo ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ bù fún un nínú tiyín.

Bó bá ku Àrìntà, omi tó ń já láti orí òkè ní Ìpólé-Ìlórò, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí nǹkan bíi wákàtí kan kọjá kẹ́ ẹ tó gun òkè. Bí ọkọ̀ bá máa ń mú kí ọmọ bì, ẹ má fi ohun tó kún fún epo kún ikùn rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé.

Kẹ́ ẹ wá dé ilé láìní ORS

Ìgbẹ́ gbuuru lè dúró di òru, nígbà tí kẹ́míìsì ti tì. Ẹ ra ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fi omi pò fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, ọ̀rá méjì sínú báàgì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ ka ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bó bá jẹ́ lítà kan, píọ̀ wọ́tà 50cl méjì gẹ́lẹ́ ni, tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ má fi ṣúgà kún un kó lè dùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì á mu 50 sí 100 ml lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó jù ú lọ á mu 100 sí 200 ml. Ṣíbí ni kẹ́ ẹ fi máa fún un. Bó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sì máa jẹun tàbí mu ọmú lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ojú rẹ̀ bá wọ inú, tàbí tí kò lè mu nǹkan kan mọ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ORS lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn.