Tíkẹ́ẹ̀tì eré olórin ní owó tí kò gani lára: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń lọ sí New York tàbí London

Ọjọ́ mélòó kan péré ni mo máa lò, eré olórin (musical, eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe) tó wà níbẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra. Èwo ni kí n mú?

Ẹ má tíì wo eré tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ẹ jọ ń lọ, ẹ wo bí Gẹ̀ẹ́sì inú orin ṣe máa ń yé yín tó, kí ẹ sì wo bí ara yín ṣe máa rí lálẹ́ ọjọ́ náà. Orin àti ràápù ni Hamilton láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ń sọ ọ́ wéréwéré. Ẹni tí kò bá gbọ́ àwo orin rẹ̀ ṣáájú, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló máa fò ó dá. Les Misérables, tó ti wà ní London láti 1985, orin náà ni wọ́n fi ń sọ ìtàn rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Ní ti The Lion King, aṣọ, ijó àti ère ẹranko tí àwọn òṣèré ń gbé rìn ló ń sọ púpọ̀ nínú ìtàn, nítorí náà ọmọdé àti ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò jinlẹ̀ lè bá a lọ dáadáa. Six kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ, kò sì ní ìsinmi láàárín. Òun ló dára jù fún ẹni tí àárẹ̀ ọkọ̀ òfurufú kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Bó bá jẹ́ èdè ló ń kọ yín lóminú, ọ̀pọ̀ ilé tíátà Broadway, ìyẹn àwọn ilé tíátà ńlá New York, ló ń lo áàpù GalaPro, tó ń gbé ọ̀rọ̀ eré jáde lójú fóònù bí àwọn òṣèré ṣe ń sọ ọ́. Ẹ ti gbà á sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ wo ọjọ́ náà dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe eré kan. Ní New York, ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ ilé tíátà ń sinmi. Ní London, ọjọ́ Àìkú ni. Ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa gúnlẹ̀. Bí ọkọ̀ òfurufú bá pẹ́, owó yẹn ti wọgbó, torí wọn kì í dá owó padà fún ẹni tí kò bá rí àyè wá.

Wọ́n ní ìdajì owó ni tíkẹ́ẹ̀tì ní TKTS, kántà tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni fún àwọn eré kan, ní àwọn ọjọ́ kan. Ìjókòó tó bá ṣófo nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ kò lè di owó mọ́ láéláé, ìdí nìyẹn tí ilé tíátà fi ń kó àwọn tó bá ṣẹ́ kù lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè bá wọn tà á. Ti New York wà lábẹ́ àtẹ̀gùn pupa ńlá tó wà ní Times Square, ní ìkóríta Broadway àti 47th Street. Àjọ TDF, tí kì í ṣe ti èrè, ló dá a sílẹ̀ ní 1973. Ti London wà ní Leicester Square, ẹgbẹ́ àwọn onílé tíátà London ló sì ni ín. Ẹ̀dínwó wọn ní New York máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 títí dé ìdajì, wọ́n sì máa ń fi owó iṣẹ́ díẹ̀ lé tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó lọ tò sórí ìlà, ẹ wo áàpù tàbí ìkànnì TKTS. Ó ń fi eré tó wà lórí pátákó hàn, ẹ ó sì rí aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, torí aago yẹn yàtọ̀ láti ọjọ́ sí ọjọ́. Ẹ mú eré mẹ́ta dání, kí ẹ má baà dúró bí igi bí àkọ́kọ́ bá tán lójú yín. Ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ni ìlà gùn jù. Ṣùgbọ́n ilé tíátà a máa fi ìjókòó ránṣẹ́ jálẹ̀ ọjọ́, nítorí náà ẹni tó bá dé ní nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú eré lè rí ohun tí ẹni tó wá lọ́sàn-án kò rí. Ní London, ẹ tún lè ra ti ọjọ́ kejì níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: ìjókòó olówó gọbọi ni TKTS sábà máa ń ní. Ká ní $180 ni ìjókòó kan, ìdajì rẹ̀ jẹ́ $90. Bí kántà ilé tíátà fúnra rẹ̀ bá ń ta ìjókòó òkè ní $60, ẹ̀dínwó yẹn ti ná yín ní $30 lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó tó dára jù lẹ rà. Ẹ wo iye tó kéré jù lórí ìkànnì eré náà kí ẹ tó dé ìdí fèrèsé.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kọ “half price” gàdàgbà sójú gíláàsì ní àyíká Leicester Square kì í ṣe TKTS. Òfin kò lòdì sí wọn, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní iye tí ilé tíátà kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì náà gan-an kí ẹ tó yọ káàdì.

Eré tí mo fẹ́ kò sí lórí pátákó TKTS láéláé.

Ó ń kún fọ́fọ́ ni. Eré tó ń tà kò nílò ẹ̀dínwó. Irú èyí ní ọ̀nà méjì: kí ẹ rà á ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ní ìjókòó tó rẹlẹ̀ lówó, tàbí kí ẹ gbìyànjú rush àti lọ́tìrì, tí wọ́n fi ń ta ìjókòó díẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Eré Rent ló sọ rush di àṣà ní Broadway ní 1996, nígbà tí wọ́n ń ta ìjókòó ìlà méjì àkọ́kọ́ ní $20 lọ́jọ́ eré. Lónìí, Hamilton ṣì ń ta ti lọ́tìrì rẹ̀ ní $10.

Mo ń dán lọ́tìrì wò, n kò jẹ rí. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Rush àti lọ́tìrì kì í ṣe ohun kan náà. Rush, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mú: àwọn kan ń tà á ní kántà ní àárọ̀ ọjọ́ eré, àwọn mìíràn lórí áàpù TodayTix. Nínú lọ́tìrì, orúkọ lẹ máa fi sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì yan ẹni tó wù ú. Ẹnikẹ́ni kò lè ṣèlérí pé ẹ máa jẹ, ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe kan wà tó ń gba oríire lọ́wọ́ ẹni.

Àkọ́kọ́ ni aago. Aago ìlú tí eré wà ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ti ibi tí ẹ wà. Lọ́tìrì mìíràn a máa ti fún odindi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, nítorí náà láti ilé ni kí ẹ ti fi orúkọ sílẹ̀. Èkejì, ẹni tó bá jẹ máa ń ní àkókò díẹ̀, nígbà púpọ̀ wákàtí kan péré, láti sanwó. Bí ímeèlì náà bá wọ inú spam, tàbí tí ẹ ń sùn, ó ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi káàdì sínú áàpù ṣáájú. Ẹ̀kẹta, orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà yín gan-an ni kí ẹ kọ, torí wọ́n máa bèèrè ìdánimọ̀. Ẹni kan tó bá fi ímeèlì mẹ́ta wọlé, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ méjì, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Èyíkéyìí tó bá jẹ nínú yín, ẹ̀yin méjèèjì ti wọlé nìyẹn.

Ẹ yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni gbogbo èèyàn ń lé.

Bí eré bá tà tán pátápátá, ilé tíátà mìíràn a máa ta àyè ìdúró lẹ́yìn ìjókòó. Ẹsẹ̀ tó lè dúró fún wákàtí mẹ́ta ló nílò, ó sì pọ́ọ́kú.

Mo wá tíkẹ́ẹ̀tì lórí Google, iye tí mo rí kọjá agbára mi. Ṣé bó ṣe wọ́n tó nìyẹn lóòótọ́?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn alárọ̀bọ̀ lẹ bá pàdé. Ìpolówó wọn ló máa ń wà lókè pátápátá, ìkànnì wọn sì máa ń gbé orúkọ ilé tíátà náà sórí bí ẹni pé àwọn ló ni ín. Àmì tí ẹ fi máa dá wọn mọ̀ ni pé wọn kì í fẹ́ sọ nọ́ńbà ìjókòó, aago kan á sì máa kà sílẹ̀ láti fi kán yín lójú. Ẹ jáde kíá. Ìkànnì eré náà gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ tẹ ibi tíkẹ́ẹ̀tì láti ibẹ̀: á gbé yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni àṣẹ láti tà á. Fún àwọn ilé tíátà Shubert ní New York, Telecharge ni. Ní London, Official London Theatre ni ìkànnì ẹgbẹ́ onílé tíátà, bẹ́ẹ̀ ni àmì STAR fi hàn pé ẹni tó ń tajà wà lábẹ́ ìlànà.

Bí ẹ bá ti wà nílùú náà, ẹ rìn lọ sí kántà ilé tíátà. Ní Broadway, owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sí níbẹ̀, ó sì lè dín owó tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin kù gan-an. Ẹ bi wọ́n pé: “Èwo ló kéré jù lówó tí n kò ní pàdánù ohun kan lórí ìtàgé?” Wọ́n mọ ilé wọn ju máàpù lọ.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Oṣù kìíní, ìkejì àti ìkẹsàn-án ni ọjà máa ń dákẹ́ ní New York, ìgbà yẹn sì ni Broadway Week, tí tíkẹ́ẹ̀tì méjì ń di iye ẹyọ kan, máa ń wáyé. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì kò ṣeé sún mọ́.

Mo ra ìjókòó tó pọ́ọ́kú, ìdajì ìtàgé ni n kò rí. Báwo ni mi ò ṣe ní tún kó sí i?

Ìdí mẹ́rin ló sábà máa ń fà á: òpó tó dúró ságbede méjì, irin ìdáàbòbò tó wà níwájú ìlà àkọ́kọ́ lókè, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ tí kò rí igun ìtàgé tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè tó yọ sórí ìlà ẹ̀yìn ní ìsàlẹ̀, tó sì gé apá òkè ìtàgé kúrò. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọn kì í kà sí. Ní The Phantom of the Opera ní London, ẹni tó bá jókòó ní ẹ̀yìn Stalls (ìjókòó ìsàlẹ̀) kì í rí fìtílà ńlá tó ń gòkè lọ sí àjà. Ní The Lion King ńkọ́, àwọn ẹranko ń gba ọ̀nà àárín ìjókòó wọlé; ẹni tó wà lókè kò ní rí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó máa rí àpapọ̀ ijó ju ẹni iwájú lọ.

Bí wọ́n bá kọ “restricted view” tàbí “partial view”, ẹ lọ sí ìkànnì SeatPlan, níbi tí àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ ti gbé fọ́tò sí. Iye owó máa ń yí láti ìlà sí ìlà: ìlà tó ṣíwájú nínú ẹ̀ka olówó kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀ka olówó ńlá, ojú kan náà ni wọ́n sì fi ń wo ìtàgé. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa wá.

Stalls ní London àti Orchestra ní New York, ìsàlẹ̀ ni méjèèjì. Dress Circle àti Mezzanine ni òkè àkọ́kọ́. Àwọn ilé tíátà London tó ti pẹ́, òkè wọn ga gan-an, àyè ẹsẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ kò sì ní ẹ̀rọ agbénigòkè. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó rántí ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ní Broadway. Nọ́ńbà 1, 3, 5 wà ní apá òsì, 2, 4, 6 wà ní apá ọ̀tún, àárín sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 101. Ìjókòó 1 àti 2 kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rárá. 2 àti 4 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Káàdì mi kọ̀ láti sanwó láti òkè òkun.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kóòdù báńkì tó yẹ kó wọlé nípa SMS ni kò dé. Ẹ tan ìfọwọ́sí inú áàpù báńkì kí ẹ tó rìnrìn-àjò. Bó bá kọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra: ẹ wo ímeèlì ná, torí ó ṣeé ṣe kí owó náà ti lọ, kí ẹ má baà ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ìlọ́po méjì. Bí ẹ̀rọ bá bi yín pé owó ìlú wo lẹ fẹ́ fi san, owó ìlú tí eré náà wà ni kí ẹ yàn. Èkejì máa ń wọ́n jù.

Ṣé mo lè mú ọmọ kékeré dání?

Ọ̀pọ̀ ilé tíátà Broadway kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì nílò tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló máa jókòó. Ní oṣù kẹjọ ní London, ẹ béèrè Kids Week: ọmọ kan máa ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àgbàlagbà tó bá sanwó.

Gbajúmọ̀ òṣèré tí mo tìtorí rẹ̀ wá kò jáde. Ṣé wọ́n á dá owó mi padà?

Ní Broadway, bí orúkọ rẹ̀ bá wà lókè orúkọ eré lórí pátákó, ẹ lè gba owó padà tàbí kí ẹ pààrọ̀ ọjọ́, bí ẹ bá lọ sí kántà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó ni àṣẹ. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ orúkọ eré, kò sí ìdápadà. Ní London, ẹ má fọkàn sí i.