Bí ẹ ṣe máa pa ìwé àtijọ́ ilé yín mọ́ kí bíléèdì olè má kàn án

Òṣómàáló, ìyẹn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri, ni bàbá tó bí bàbá mi, ìwé gbèsè tó fi ń tajà káàkiri Èkìtì ló kù sílẹ̀ fún wa nílé ní Iléṣà. Ìwé gbọọrọ ni, èèpo rẹ̀ dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, orúkọ àwọn tó ra àwìn wà níbẹ̀, ìlú wọn, iye ọ̀pá aṣọ tí kálukú gbà, ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa san, ẹni tó bá sì ti san, Bàbá á fi yíǹkì pupa fa ìlà lé orúkọ rẹ̀. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ọ̀gbẹ́ni kan wá bá wa, ó ní ìwádìí lòun ń ṣe, ó mọ ìtàn Ìjẹ̀ṣà ju àwa gan-an lọ, gbogbo àgbà ilé ló dọ̀bálẹ̀ fún, la bá gbé ìwé fún un, a gbé omi tútù fún un, a sì fi òun nìkan sílẹ̀ ní pálọ̀ torí ó dà bíi pé àbùkù ni ká máa ṣọ́ irú ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó tún ṣí ìwé yẹn. Ewé mẹ́rin ti lọ. Kì í ṣe pé ó ya o, bíléèdì ni wọ́n fi gé e, ó lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú tí wọ́n fi rán ìwé, téèyàn ò bá fi ìka tọ ibẹ̀ kò lè mọ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n bi mí pé kí ló wà nínú ewé mẹ́rin náà, mi ò rí nǹkan kan sọ. A ò kà á rí, a ò yà á ní fọ́tò, kódà mi ò lè búra pé òun ló gé e.

Ohun tí mo kọ́ látìgbà yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, torí irú ìwé báyìí kún ilé wa, ní Iléṣà àti ní Ifẹ̀: rẹ́jísítà ìrìbọmi nínú kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́tà ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sí ọba, ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀, ìwé ìpàdé ẹbí, fọ́tò ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa.

Ẹ kọ́kọ́ gbà á sọ́kàn pé ẹni tó máa jí i kò ní já ilẹ̀kùn. Ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, Greg Priore ni wọ́n fi ṣe alákòóso yàrá ìwé tó ṣọ̀wọ́n ní Carnegie Library, nǹkan bí ọdún 25 ló fi ń yọ máàpù àti àwòrán nínú ìwé tó ń kó wọn fún òǹtàwé kan, ìgbà tí wọ́n wá ka ẹrù ibẹ̀ ní 2017 ni àṣírí tó tú, ohun tó ti bàjẹ́ àtèyí tó ti lọ sì tó mílíọ̀nù 8 dọ́là. Ní Naples ní Ítálì, olùdarí ilé ìkàwé Girolamini fúnra rẹ̀ ló ń kó ìwé ibẹ̀ jáde, 2012 lọwọ́ bà á. Forbes Smiley, òǹtàjà máàpù tí àwọn láíbúrárì ńlá mọ̀ dáadáa, gbà lẹ́nu ara rẹ̀ pé máàpù 97 lòun jí, bíléèdì kékeré kan tó já bọ́ sílẹ̀ ní láíbúrárì Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ní 2005 tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ rí ló tú àṣírí ẹ̀. Barry Landau tó ń jí ìwé ìtàn ní láíbúrárì, tí wọ́n mú ní Baltimore ní Amẹ́ríkà ní 2011, kéèkì ló máa ń gbé lọ fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ti rán àpò ńlá sínú kóòtù rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹni tí wọ́n fọkàn tán ni gbogbo wọn.

Tiwa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó gé ìwé níbí ló fẹ́ tà á. Ọ̀rọ̀ oyè àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ìwé tó sọ ilé tó kàn láti joyè, tàbí ibi tí ààlà oko dé, bí ewé kan péré bá sọnù níbẹ̀, ẹjọ́ ti yí padà nìyẹn. Torí náà, bí ẹ ṣe ń ṣọ́ àlejò, ẹ máa ṣọ́ ará ilé. Ó dùn mí láti sọ ọ́ àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù, tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan lẹ fẹ́ ṣe nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ, òun ni kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ní sílẹ̀. Ẹ gbé ìwé sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò lówùúrọ̀, ẹ má tan iná fóònù sí i, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan níwájú àti lẹ́yìn, kódà èyí tí wọn ò kọ nǹkan sí. Ẹ ka ewé rẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù tó rọ̀ kọ nọ́ńbà kékeré sí kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ kọ àbùkù ara rẹ̀ sílẹ̀: ewé kejìlá, epo pupa kán sí i lápá òsì, ó tó náírà onírin, ewé ogún, ikán jẹ ẹ́, ihò mẹ́ta, ewé ọgbọ̀n, ẹnì kan ṣírò owó sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àbùkù yìí ló dà bí ilà ojú, torí olè lè pa orúkọ rẹ́, ó lè gé òǹtẹ̀ kúrò, àmọ́ kò lè mú ihò ikán kúrò lára ìwé, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i lọ́wọ́ òǹtàwé kan ní Èkó tàbí London, òun lẹ máa fi sọ pé tèmi nìyí.

Ẹ má fi fọ́tò náà sórí fóònù kan ṣoṣo o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí íméèlì, ẹ fún ọmọ tó wà lókè òkun, ẹ fún olórí ẹbí nínú fíláàṣì. Ẹ rántí àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, tó parí ìtàn Yorùbá tó kọ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sílùú òyìnbó, ibẹ̀ ló sọnù sí, Johnson fúnra rẹ̀ kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson ló wá lọ ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó kù sílẹ̀ jọ tó tún un kọ, 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ká ní kò sí àkọsílẹ̀ yẹn, kí la fẹ́ máa kà lónìí?

Tí àlejò bá wá, rẹ́jísítà kọ́kọ́. Orúkọ, fóònù, ibi tó ti wá, ohun tó fẹ́ rí, kẹ́ ẹ ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Báàgì àti kóòtù máa wà níta, bírò máa wà níta, pẹ́ńsù nìkan ló máa wọlé, ìwé ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kan á jókòó dojú kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹni yẹn ò sì gbọdọ̀ máa tẹ fóònù. Ẹ ka ewé lójú ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún kà á lójú ẹ̀ tó bá parí. Tó bá jẹ́ ewé wórówóró nínú páálí, ẹ wọ̀n ọ́n, òṣùwọ̀n kékeré táwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà ti tó, ẹ kọ gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé àti lẹ́yìn tó jáde. Ojú á kọ́kọ́ tì yín, ó ti èmi náà. Ẹ sáà sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀ pé bá a ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn, títí kan ọmọ olórí ẹbí, ẹ sì rí i pé ẹ ń ṣe é fún ọmọ olórí ẹbí lóòótọ́. Ọ̀mọ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú, wọ́n ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ fún un níbòmíì.

Kọ́kọ́rọ́ méjì lẹ máa fi ti àpótí, ẹni méjì tí ò gbé inú yàrá kan náà ni kó mú un lọ́wọ́. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé, ẹ má lámínéètì ẹ̀, méjèèjì ló ń ba ìwé jẹ́.

Tí agbára yín ò bá ká a, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti mọ ìtọ́jú rẹ̀. Hezekiah Oluwasanmi Library wà ní OAU ní Ifẹ̀, National Archives sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, Kenneth Dike Library tó wà nínú ọgbà yẹn náà ni ìwé Herbert Macaulay wà. Ẹ lọ bi wọ́n ohun tí wọ́n lè gbà. Kẹ́ ẹ ṣáà gba ìwé àdéhùn tó sọ ẹni tó ni ín, iye ewé rẹ̀, ẹni tó lè rí i, kẹ́ ẹ sì mú kọ́ọ̀pì fọ́tò yín lọ́wọ́ kó tó kúrò nílé.

Tó bá ti wá sọnù ńkọ́? Ẹ má kọ́kọ́ pariwo lórí WhatsApp ẹbí, ẹni tó gbé e á dáná sun ún tẹ́rù bá bà á. Ẹ lọ wo àwọn ìwé yòókù lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí ewé kan kì í sábà lọ lóun nìkan. Ẹ mú fọ́tò lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n fún yín ní ìwé tó fi hàn pé ẹ ti wá fẹjọ́ sùn, ẹ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Ẹnuwá ní Ifẹ̀ kẹ́ ẹ sọ fún wọn, kẹ́ ẹ sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sáwọn tó ń ta ìwé àtijọ́. Tẹ́nì kan bá wá gbé e síwájú ilé lóru, ẹ gbé e wọlé, ẹ ka ewé rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tó padà wá sí rẹ́jísítà.